Orí Ta Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Fá?

Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ lẹ́yìn etí Abdulkabir, bàbá ìkókó. Abọ́dúnrìn onígbàjámọ̀ fi àtàǹpàkò nù ún, ó na abẹ rẹ̀ lára awọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ké sí àbúrò Abdulkabir: "Bàrúwà, ìwọ ló kàn!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn ní Ayétòrò nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ọkùnrin ilé ló ń kọ́kọ́ fárí, torí wọ́n ní abẹ gbọ́dọ̀ mọ orí ilé kó tó kan orí ọmọ. Ọmọ tuntun ló máa ń kẹ́yìn.

Bàrúwà ò dìde. Ó gbé kọ́ọ̀bù búlúù rẹ̀ sórí itan, ó ń wo abẹ. Akọ̀wé ni ní Pólì Ìlaròó, àpọ́n ni, ìbéèrè sì ni oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré. Àwọn ará ilé ti sọ ọ́ ní Bàbá Kí-ló-fà-á. Lọ́dún 1988 yìí kan náà, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún Abdulkabir, òun ló lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn ò gbà á.

"Kòkòrò mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín," ni ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sọ. "Irú èyí tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ni. Ẹ lè bá a gbé títí, bẹ́ ẹ bá ń wá ká máa yẹ̀ yín wò, tẹ́ ẹ sì jìnnà sí ọtí."

Bàrúwà, tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ojú rẹ̀ funfun báláú. Níbo ló wá ti rí i? Ṣé oúnjẹ ni? Ọkùnrin náà ní rárá, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, kì í ṣe àwo.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá Hùmúàní, ìyá rẹ̀, kó gbà? Ibà pọ́njú ni obìnrin náà gbọ́. Ọjọ́ kejì ló ra kọ́ọ̀bù búlúù yìí fún un, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a lò ó. Ó dun Bàrúwà, ká má purọ́. Láàárọ̀ yìí gan-an, ó fẹ́ gbé ìkókó, Rodiat ìyá ọmọ sì rọra yí ẹ̀yìn sí i.

Rodiat yìí kan náà ló wá gbé ọmọ dúró ti abẹ, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàrúwà, ṣé o ti sùn ni?" ni Abọ́dúnrìn tún ké sí i.

Bó bá jókòó fún onígbàjámọ̀, abẹ yóò ti orí rẹ̀ bọ́ sórí ọmọ. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo àlejò tó kún àgbàlá ni yóò mọ ohun tí wọ́n ti ń bò mọ́lẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì tún ju ẹ̀rù lọ. Ó ti ọwọ́ bọ àpò.

"Bàbá, ẹ má fi abẹ yẹn kan ọmọ," ló wí. "Àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Abẹ ló ń gbé e, kì í ṣe kọ́ọ̀bù. Bíléèdì tuntun rèé, irùngbọ̀n ni mo rà á fún, mi ò tíì tú u."

"Bàrúwà!" Màmá Hùmúàní fọwọ́ bo ẹnu. "Lójú àlejò?"

Abdulkabir fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. Rodiat wo abẹ, ó wo orí ọmọ rẹ̀, ó wá na ọwọ́.

"Ẹ mú un wá, ọkọ mi." Ìka rẹ̀ kan ìka Bàrúwà.

Bíléèdì náà ni wọ́n fi fá orí ọmọ. Ọmọ ò tilẹ̀ sunkún.

Nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun, Bàrúwà lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, tó ṣì ń bínú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kó lè jẹun.

"Màmá, lọ́jọ́ tí wọ́n fá tèmi, orí ta ni abẹ kọ́kọ́ kàn?"

"Orí ta ni ì bá tún kàn? Bàbá yín ni. Ikùn ẹ̀ ti wú, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí epo, síbẹ̀ ó ní dandan, òun á jókòó fún ọmọ òun." Ó fẹnu tọ́ka sí ilé kejì. "Kò pé oṣù kan sígbà yẹn tí májèlé Mákindé fi gbẹ̀mí ẹ̀."

Ikùn tó wú, ojú tó pọ́n: mẹ́dọ̀wú ni Bàrúwà gbọ́, kì í ṣe májèlé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé, iye ọjọ́ orí òun gan-an, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn ò ti kí Mákindé. Kó tó mọ̀wé kà ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa gbójú kúrò lára ọkùnrin náà.

Ó dìde, ó lọ sídìí ọgbà. Mákindé nìkan ló wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ti darúgbó, ó ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Arúgbó náà bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń kí.