Tessema Kì í Ṣe Ẹnì Kan Ṣoṣo

"Ẹ jọ̀ọ́, Gashe, ẹ tún un wò," ni Wubit wí, ó sì yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yilma Tessema, tó ń pè ní Gashe bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wọn. Láti àárọ̀ ni Wubit kò ti lè fìdí mọ́lẹ̀. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò lọ sójú fèrèsé, yóò tún padà wá. Kọfí tí wọ́n bù fún un ti di omi tútù, kò sì fọwọ́ kan gúgúrú rárá.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó ka iye gbogbo ìwádìí tí àwọn ará Etiópíà ti kọ nípa ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìṣègùn, kó sọ ẹni tó kọ jù. Ẹ̀rọ bá a kà á. Ẹ̀rọ ní Tessema Y. ni. Ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn ní Addis bá ń kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kú oríire.

Ẹ̀rọ òyìnbó rò pé orúkọ ìdílé ni orúkọ ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ rèé, lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, orúkọ bàbá ẹni ni. Tessema tó bí Yilma kò mọ Tessema tó bí Yeshimebet rí, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Tessema Y. ni ẹ̀rọ kọ fún ọmọ àwọn méjèèjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n kà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ti Yeshimebet ni. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó láti yan olórí ẹ̀ka tuntun, orí kíkà yìí ni wọn yóò sì dúró lé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ló kà á bẹ́ẹ̀, kí Wubit fi í sílẹ̀. Ó tún rán an létí pé òun lòun máa fọwọ́ sí ìwé tó fẹ́ fi lọ kàwé sí i lókè òkun.

"Wubit, ọmọ mi, ìwà ọmọlúàbí la ní kó o kà. A ò ní kó o fi kọlu àgbà."

"Òun náà ni mò ń kà, Gashe."

Wubit mọ̀ pé bí òun bá fi lè jáde nínú yàrá yẹn, òun ò ní lè ṣe é mọ́. Ó fa fóònù yọ, ó pe Yeshimebet níṣojú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lorúkọ bàbá tó bí bàbá yín?"

Yeshimebet bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wá ìyàwó ló ń bèèrè irú ìyẹn lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lè ka baba ńlá dé ìran keje, kí ìbátan má baà fẹ́ ìbátan.

"Ta ló rán ọ? Sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí, mi ò lè gbé ìkòkò kaná fún ọkọ mọ́."

"Kò sọ́kọ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ yín ló ṣìnà wọ ilé onílé, mo fẹ́ mú un padà wálé."

Àwàdà tán lẹ́nu Yeshimebet. "Gebreyes," ó wí jẹ́jẹ́. "Tessema ọmọ Gebreyes."

Wubit tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn Yeshimebet Tessema nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè ya àwọn Tessema sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Gashe?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ó gbé e padà sójú, ó sì dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀ kí Wubit lè tẹ̀ ẹ́.