Ọlọ́wọ́ Tútù Fẹ́ Rìnrìn Àjò

Ẹni bá mọ ọgbà òdòdó náà mọ̀ pé ayé méjì ló wà níbẹ̀, ayé òjò àti ayé ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti na ilẹ̀, àwọn oníbàárà a ya dé bí eéṣú: ẹni tó ń wá ọmọ ọsàn, ẹni tó ń wá ọmọ ata àti tòmátò tí wọ́n ti hù nínú àwo pẹlẹbẹ, àti ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá ṣùgbọ́n tí aládùúgbò rẹ̀ ti rà tirẹ̀. Nígbà náà, òjò ló ń ṣiṣẹ́, ènìyàn kàn ń tà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, òjò a gba ìsinmi, a sì gbé ẹrù rẹ̀ ka ọmọ aráyé lórí. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun ògiri nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn, torí bí oòrùn ṣe ń le ni òun ń tanná. Gbogbo ìyókù ń bẹ̀bẹ̀ omi. Omi ní kùtùkùtù, omi ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá fò wọ́n lọ́jọ́ kan péré, ọ̀rá dúdú tí wọ́n wà nínú rẹ̀ a gbóná bí ìkòkò orí iná, gbòǹgbò a sì sè.

Ọlọ́wọ́ Tútù ló ń bomi rin wọ́n. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ti bo èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ni ọgbà. A máa fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi kí omi lè fọ́n wẹ́wẹ́ bí ìrì, a sì máa kọrin sí àwọn ọmọ tòmátò bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún:

Omi rọra, omi rọra,
Má bá ewé jà, omi rọra;
Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè sá fún ọ,
Omi rọra.

Àwọn oníbàárà a dúró, wọn a lanu. "Ẹ ò rí nǹkan! Igi ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu!"

Òun náà a fi ìdí jó díẹ̀. "Ọwọ́ mi ni wọ́n mọ̀. Bí ọwọ́ ẹlòmíì bá kàn wọ́n, ikú ni."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi dùn létí ara rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé yí ara rẹ̀ ká, tí kò rántí fi ojú ilẹ̀kùn sílẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì sùn síbi tí rọ́bà omi kò lè dé.

Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni fóònù dún. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni, tó wà nílé ọkọ ní ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú bọ́ọ̀sì.

"Màámi, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dìde lórí ibùsùn mọ́ títí n ó fi bí. Ó ní bí mo bá rìn, oyún lè bọ́."

"Oṣù méje yìí náà? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lójú omi, nínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Ó di oṣù méjì kó tó dé. Omi tí mò ń mu gan-an, aládùúgbò ló ń bù ú wá. Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń bọ̀. Sùn sílẹ̀, mo ní mò ń bọ̀."

Ó pa fóònù, ó lọ bá Ìyá Ọlọ́gbà, ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kọ̀. Lórí àga lẹ́nu géètì ló ń jókòó sí láti àárọ̀, a máa fi ọ̀bẹ kékeré gé ẹ̀ka òdòdó sí ìwọ̀n ìka, a gún un sínú iyẹ̀pẹ̀, a sì máa rí gbogbo ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde.

"Ọmọ mi ń ṣàìsàn, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Ọ̀bẹ dúró. "Ọmọ mi náà ni, ọmọ ọmọ mi ni. Ọlọ́run á yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bomi rin ọgbà? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Ìyàwó Kékeré wà níbẹ̀, Màmá." Ó na ìka sí aya àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ta ìkòkò.

Ìyá Ọlọ́gbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ta ni? Ìwọ náà kọ́ lo sọ ọ́ lójú mi níbí yìí pé ọwọ́ ọmọ yẹn, bó bá kan òkúta, òkúta á rọ? Gbogbo ilé ló ń jẹ nínú ọgbà yìí. Ṣé kó jó wa bí ti ọjọ́sí ni? Ọwọ́ rẹ nìkan ló wà, ìyàwó mi. Ìwọ ni Ọlọ́run fún."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń wá wo rósì lójoojúmọ́ bí ẹni ń wo aláìsàn, dá sí i: "Má lọ o, Ọlọ́wọ́ Tútù! Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọwọ́ rẹ nìkan ni mo gbọ́kàn lé."

Ẹlẹ́rọ omi tó wá tún páìpù ṣe ní òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó òun pé kò sí irú rẹ̀. Ìyìn wá ń rọ̀ lé e lórí láti ọ̀tún àti òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí ìṣó tí wọ́n ń fi kàn án mọ́ ilẹ̀. Ó dúró láàárín wọn, ó ń dúpẹ́. Ẹnu ló ń dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń sáré yíká bí adìẹ inú agọ̀.

Torí òun nìkan ló mọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe ọwọ́ Ìyàwó Kékeré.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí rọ́bà, tí inú àgbá ni wọ́n ti ń bu omi, ọkọ Ọlọ́wọ́ Tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó Kékeré, aya àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ló bá a mójú tó ọgbà. Ó dé, ó rò pé òun á bá òkú nílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ata nà ró bí ọlọ́pàá, tòmátò tutù yọ̀yọ̀, Ìyá Ọlọ́gbà sì ń pe gbogbo ayé: "Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ yìí!" Inú Ọlọ́wọ́ Tútù dà rú. Opó tí kò lọ́kọ mọ́, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé lọ́nà jíjìn, bí ọwọ́ ẹlòmíì bá dára ju tirẹ̀ lọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa bọ́ ọ fún? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó da abọ́ iyọ̀ mẹ́ta sínú àgbá, ó rò ó. Ìyàwó Kékeré fúnra rẹ̀ ló bu omi náà, òun fúnra rẹ̀ ló wọ́n ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, etí ewé ti jó bí ìwé tí iná pa lára.

Láti ìgbà náà, iwájú ọgbà ni Ìyàwó Kékeré ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò amọ̀. Bó bá di dandan kó gbé òdòdó dé ọkọ̀ oníbàárà, ìdí ìkòkò nìkan ló ń dì mú, a na apá síwájú, a yí ọrùn sẹ́yìn, bí ẹni gbé ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Irọ́ a máa tanná, kì í so. Èyí tiẹ̀ so, àbámọ̀ ni ó so, Ọlọ́wọ́ Tútù nìkan ló sì ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá ihò tí òun lè gbà jáde. Bí òun bá sá lọ, kò sẹ́ni tó máa bomi rin wọ́n, ọgbà á kú, ebi á pa ilé. Bí òun bá dúró, ọmọ òun ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà tún pè, ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín.

"Ẹ̀jẹ̀ yọ lánàá, Màámi. Ó ti dá. Ṣé ẹ ti wà lójú ọ̀nà?"

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra," ni ìyá wí. Bọ́ọ̀sì ń lọ ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ti lù.

Ó kó aṣọ mẹ́rin sínú báàgì, ó lọ bá Ìyàwó Kékeré níbi tó ti ń fi àkísà nu eruku lára ìkòkò.

"Ìyàwó."

"Ìyáálé mi."

"Bá mi bomi rin ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Ìyàwó Kékeré bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà láàárọ̀ yìí! Èmi kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí Màmá fi ọ̀pá lé mi jáde ni?"

"Ọwọ́ rẹ á ti tutù. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe eré."

"Ọwọ́ kì í ṣe tíì tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ kó tutù, ìyáálé mi." Ó mú ìkòkò mìíràn, ó ń nù ún. "Ẹ wò ó, nígbà tí ibà ń ṣe ọmọ mi kejì, tí kò tíì pé oṣù kan, èmi kọ́ ni mo wẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ọmọ ń ké, ọmú ń kán sí mi láṣọ, mo di ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní ọwọ́ tó pa ata, kí ni kò ní í fi ọmọ jòjòló ṣe? Torí náà, ẹ má bẹ̀ mí. Mi ò lè pa ọgbà Màmá lẹ́ẹ̀mejì."

Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń nu ìkòkò ni. Ọlọ́wọ́ Tútù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Iyọ̀ ni," ó ní.

"Iyọ̀ wo?"

"Tí mo dà sínú àgbá. Abọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ rí."

Àkísà dúró. Ìyàwó Kékeré wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹrù rẹ̀ tó sọnù padà fún, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Wọ́n ń yìn ọ́."

"Wọ́n ń yìn mí." Ó tún un wí bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ lọ sọ ọ́ fún Màmá."

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, bí mo bá ti dé..."

"Báyìí. Níwájú ẹni tó bá wà níbẹ̀. Níwájú ènìyàn lẹ ti sọ tèmi."

Ó ṣe tán, ọ̀nà géètì kò ju ìṣísẹ̀ ogójì lọ, láàárín ọmọ ọsàn lọ́tùn-ún àti ọmọ ata lósì. Ọlọ́wọ́ Tútù rìn ín bí ẹni tó ru àgbá náà lórí, Ìyàwó Kékeré ń tẹ̀ lé e. Tíṣà wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ rósì rẹ̀. Obìnrin méjì tó wá ra òdòdó náà wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Kò fi orin sí i, kò fi àwàdà sí i.

Ìyá Ọlọ́gbà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Abọ́ iyọ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Iyọ̀ mi ni?"

"Iyọ̀ yín ni, Màmá."

"Háà! Ó tún fi iyọ̀ mi ṣe é!" Ìyá náà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò wo ẹni tó kúnlẹ̀. Aya ọmọ rẹ̀ kejì ló ń wò. "Ìyàwó, mo fi ẹnu mi bà ọ́ jẹ́. Àgbà ni mí, mi ò yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, mi ò tọ́ omi wò. Lọ mú rọ́bà." Ó wá yíjú. "Ìwọ, dìde. Lọ bá ọmọ rẹ. Bó o bá dé, mi ò mọ iṣẹ́ tó o máa bá nílẹ̀ níbí."

Tíṣà kò rí ibi tó máa gbé ojú sí. Ó ń ka ẹ̀gún rósì.

Ọlọ́wọ́ Tútù gbé báàgì rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kọjá ní ìdí àwọn àwo pẹlẹbẹ, Ìyàwó Kékeré ti ṣí omi. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára, iyẹ̀pẹ̀ ń ta sókè, ọmọ ata méjì dojú bolẹ̀. Ọlọ́wọ́ Tútù la ẹnu láti pariwo, ó sì pa á dé. Ìyàwó Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì gbé ọmọ ata kan dìde, ó tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó gbé èkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kan ewé láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó yí ìdí ẹ̀rọ, omi rọ̀.

"Ó dàbọ̀, ìyàwó."

Ìyàwó Kékeré yí rọ́bà sí àwo tòmátò. Ọlọ́wọ́ Tútù kọjá. Ó ti fọwọ́ kan irin géètì nígbà tí ohùn tẹ̀ lé e, ohùn tí kò gbóná tí kò tutù:

"Rósì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Nídìí. Má jẹ́ kó kan ewé."

"Mo gbọ́."

Kò fi "ìyáálé mi" sí i. Ọlọ́wọ́ Tútù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú eruku, báàgì ń gbá a nídìí. Nígbà tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tí ọkọ̀ ti kọjá òpin àdúgbò tó mọ̀, ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Mo ti wà lójú ọ̀nà," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni."