Ẹran Ìdí Àwo

Ẹ má bínú sí mi o. Tí inú bá ń bí mi, mi ò kì í rántí pe ọkọ mi ní "wọ́n". "Ó" ni màá máa pè é títí màá fi sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Àjàmú lorúkọ ẹ̀. Alápatà ni, kò sí ẹni tó ń ra ẹran l'Óṣòdì tí kò mọ̀ ọ́n. Àtẹ ẹ̀ ò jìnnà sí ojú irin. Ibẹ̀ ló ti ń gé ẹran kí n tó fẹ́ ẹ, ibẹ̀ náà ló ṣì wà dòní. Zakariyah ni àkọ́bí wa, òun nìkan sì ni ọkùnrin láàárín àwọn ọmọ tí mo bí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe máa ń jẹun nílé wa ní Mafoluku, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí Àjàmú bá ti ọjà dé, màá gbé oúnjẹ ka iwájú ẹ̀. Zakariyah á ti fọwọ́, á jókòó ti bàbá ẹ̀, á máa wò ó. Kò ní tọrọ nǹkan kan, torí a kì í tọrọ ẹ̀. Bàbá á jẹun, á jẹ díẹ̀ lára ẹran, á wá fa èyí tó dáa jù, èyí tó so mọ́ egungun ìhà, sí etí àwo. Á ti àwo náà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹran ìdí àwo là ń pè é. Tó bá na ọmọ yẹn lọ́sàn-án, tí ilé gbóná janjan, ẹran ìdí àwo ló fi ń sọ fún un lálẹ́ pé ó ti tán nínú òun. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Zakariyah mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, bàbá ẹ̀ ni kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu bẹ ọmọ. Kò kọ́ ọ nílé bàbá tiẹ̀ náà.

Ọmọ kàwé, ó jáde. Àjàmú ti rò ó pé á padà wá sídìí àtẹ, kó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù tó ní fíríìjì ńlá. Zakariyah ní òun ti gba fíísà, Birmingham lòun ń lọ. Háà! Ẹ gbà mí! Àjàmú sọ ọ̀bẹ mọ́ pátákó ẹran lójú àwọn oníbàárà, ó ní, "Tó o bá ti lọ, má pè mí ní bàbá ẹ mọ́." Ẹyin lohùn o. Lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ, pápákọ̀ òfuurufú tó jẹ́ pé ariwo ẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀, Àjàmú ò dé ibẹ̀. Ìdí àtẹ ló wà. Táòfíkì tí wọ́n jọ ń ta ẹran sọ fún mi pé ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lórí wọn, pé kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí ọmọ bá pè mí lórí fóònù, tí mo bá ní kí bàbá ẹ̀ gbà á, á ní òun fẹ́ kírun. Irun wo? Aago mẹ́wàá àárọ̀! Mo sọ fún un títí pé tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣe la ń fi tòsì fà á mọ́ra. Á ní òun ti gbọ́. Àmọ́ mo máa ń rí i tó bá jẹun tán. Á ti fa ẹran sí etí àwo, á wá máa wo ibi tí ọmọ máa ń jókòó sí. Nígbà tó bá pẹ́, á ní kí n gbé e fún àwọn ará ilé.

Zakariyah wá gbéyàwó níbẹ̀, Morọ́lá lorúkọ ọmọ náà, wọ́n bímọ. Ó ní ká wá bá òun kó ọmọ jáde. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ de Àjàmú. Kò kọ̀. Ó ní, "Ìsíátù, màá lọ. Mo fẹ́ lọ parí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yẹn."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ó ní, "Màá mọ bí màá ṣe sọ ọ́."

A dé Birmingham, a sọ ọmọ lórúkọ, mo ń retí. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ni mo rí ohun tó ń dà á láàmú. Morọ́lá mọ oúnjẹ sè, mi ò bú u, àmọ́ wẹ́wẹ́ ló máa ń gé ẹran, bíi pé ológbò ló fẹ́ fún. Kálukú ló sì ní àwo tiẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ ṣẹ́ kù fún ọmọ níbẹ̀? Zakariyah náà, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, tá a bá ń jẹun, oorun á ti kún ojú ẹ̀. Àjàmú ń dúró de egungun gidi. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé egungun lọkọ mi ń wá.

Ó wá ku ọ̀la ká padà wálé. Zakariyah ní òun fẹ́ mú wa lọ jẹun níta, Morọ́lá dúró ti ọmọ nílé. Ilé oúnjẹ kan ni, wọ́n ṣe é bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe tiwọn láyé àtijọ́. Ẹ wá wo nǹkan! Ìlú Gẹ̀ẹ́sì la wà, ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà lòun, ará Pàkísítánì ló ni ín, àwa ará Mafoluku wá jókòó síbẹ̀. Àga aláwọ̀ pupa ni, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, èèyàn méjì á kọjú sí èèyàn méjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú níbí, ó funfun lọ́hùn-ún. Àpótí orin ńlá kan ń tan iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwòrán ọkọ̀ àtijọ́ kún ibi gbogbo. Mo béèrè lọ́wọ́ Zakariyah bóyá wọn ò rí owó fi ra àga tuntun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, tuntun ni o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni." Àwa tí tiwa gbó lóòótọ́, à ń fi aṣọ bò ó torí àlejò.

Ó kọjú sí bàbá ẹ̀. Ó ní, "Bàámi, halal ni ẹran wọn o, mo ti béèrè." Ó tún rọra ní, "Bàámi, ṣé ẹ rántí kàlẹ́ńdà?"

Mo rántí ní tèmi. Kàlẹ́ńdà kan wà lórí àtẹ Àjàmú nígbà tí Zakariyah kéré, àwòrán irú ilé oúnjẹ yìí gan-an ló wà lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran ti ta sí i. Ọdún kàlẹ́ńdà tán, ọmọ ò jẹ́ ká yọ ọ́. Bàbá ẹ̀ máa ń sọ fún un pé lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì á jọ lọ jẹun níbẹ̀.

Àjàmú ní, "Kàlẹ́ńdà wo?"

Ojú ọmọ rẹ̀ wálẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da omi lé e lórí.

Oúnjẹ dé. Wọ́n gbé egungun ìhà màlúù síwájú Àjàmú, odindi, ó kún àwo dé etí. Háà, ẹ bá mi wo ojú ọkọ mi! Ó fi ìka tẹ ẹran náà, ó gbóòórùn ẹ̀, ó yí i padà. Ó ní, "Màlúù yìí ò rìn rí láyé ẹ̀." Zakariyah bú sẹ́rìn-ín, Àjàmú náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tá a ti dé. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ pé ata ni.

Àjàmú jẹun. Ó jẹ àwọn egungun kéékèèké, kò fọwọ́ kan ọ̀kan tó tóbi jù. Nígbà tó jẹ ìyókù tán, ó fa èyí tó tóbi náà sí etí àwo. Ó fi ìka kan ti àwo náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan àwo Zakariyah. Mo ní nínú mi pé Alihamudulilahi, ó ti sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò bẹ ènìyàn rí ti bẹ ọmọ ẹ̀.

Zakariyah ti jẹ tiẹ̀ tán, ó ń wo aago torí ibi tó gbé mọ́tò sí, mọ́tò ò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi òyìnbó béèrè bóyá bàbá ti jẹun tán. Àjàmú ò gbọ́ òyìnbó imú ẹ̀. Zakariyah ló dá a lóhùn. Ó ní ó ti tán, kó máa gbé e lọ.

Mo lanu. Àjàmú fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé mi ò lè mí. Ọmọbìnrin yẹn gbé àwo lé àwo, ó wọlé. A gbọ́ nígbà tó da egungun náà sínú gáábéèjì.

Zakariyah ní, "Bàámi, ẹ ò jẹ ẹ́ tán. Ṣé kò dùn ni?"

Àjàmú ní, "Ó dùn. Mo ti yó."

Nínú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀? Mo ní ọmọ yẹn ò mọ̀ ni, ibi tó ń gbé, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ti yó nìyẹn. Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní, "Ìsíátù, ta ló ń gbàgbé àwo bàbá ẹ̀? Mo nawọ́ sí i, kò gbà á." Nígbà tó pẹ́, ó tún ní, "Mo rántí kàlẹ́ńdà yẹn." Mo ní kí wá ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ létí ọmọ? Ó fa aṣọ borí.

Bí a ṣe délé, mo pe Zakariyah, mo bú u dáadáa, mo sì ṣàlàyé fún un. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí àgbàlagbà ọkùnrin ń ké bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Màámi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun. Mi ò mọ̀ pé tèmi ni." Mo sọ fún Àjàmú. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìgbà Iléyá ni Zakariyah wọlé dé. Òun nìkan ló wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Àjàmú ní kó dìde, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè bóyá ọ̀nà dáa. Kò sí ìbínú lójú ẹ̀ rárá. Ó ń kí i dáadáa, bí èèyàn ṣe máa ń kí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Mo se egungun ìhà àgbò, odindi, mo gbé àwo kan ṣoṣo síwájú Àjàmú. Zakariyah ti fọwọ́. Ó jókòó ti bàbá ẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí, ó ń wò ó.

Àjàmú wo àwo, ó wo ọmọ. Ó ní, "Ìsíátù, bu ti àlejò lọ́tọ̀. Àlejò kì í dúró de àwo onílé."

Zakariyah dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ọwọ́ tútù. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ ṣẹ́ ẹran kù fún mi."

Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ọkùnrin yìí gbà. Omi wà lójú Àjàmú, mo rí i, ojú mi ò parọ́ fún mi. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. A kì í tọrọ ẹ̀. Tí wọ́n bá ti tọrọ ẹ̀, sàárà ló dà. Èyí tí mo ní fún ẹ, mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ."

Mo bu ti Zakariyah lọ́tọ̀, mo bu ẹran sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àjàmú jẹun. Ó jẹ gbogbo ẹ̀, ó fọ́ egungun, ó fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀, ó fi ìka nu ọbẹ̀ títí àwo fi gbẹ. Ó ní Alihamudulilahi, ó dìde, ó lọ múra ìrun.

Mo kó àwo méjèèjì lọ sẹ́yìnkùlé. Ti ọmọ kún, kò fọwọ́ kàn án. Ti bàbá mọ́ féfé. Òun ni mo kọ́kọ́ ki bọmi, mo ń fọ ọ́, mo tún ń fọ ọ́, mo ń sunkún.