Wákàtí Kan Láìsí Dátà

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Obìnrin ògbufọ̀ kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń dán ẹ̀rọ wáìfáì tuntun tó rà wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, bí àwòrán ọ̀rẹ́ náà ṣe dúró gbagidi nìyẹn, ẹnu ṣí sílẹ̀. Ó tún pè, ó tún já. Háà! Ẹ̀rọ tó ń sáré bí ẹṣin láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé e dé!

Àárọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Aago mẹ́wàá ló dán an wò, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti lọ síbi iṣẹ́. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín lò. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oníkálukú ti dé, ó ti na ẹsẹ̀, ó ti gbé fóònù. Ọmọ tó kàwé, tó gbọ́ èdè mẹ́ta, kò ronú kan ìyẹn. Mo ní kò ronú kàn án rárá!

Kì í kúkú ṣe pé kò wádìí. Àwọn tó ń ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dúró sí títì ńlá, wọ́n ní ilé tó wà nínú lọ́hùn-ún kò pọ̀ tó ohun tí àwọn ń gbẹ́lẹ̀ sí. Díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì orí òrùlé ló dára jù, ẹlẹ́díìṣì sì ti wá wo òrùlé, àmọ́ ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ọjà máa tó dé. Ọjọ́ Ẹtì yìí sì ni ìdánwò, aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn dókítà wá ògbufọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbà á síṣẹ́. Bí ìlà bá fi já lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí.

Tó bá parí, àfi kó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sílé. Ìyá rẹ̀, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ láti èṣí, á wá lọ máa gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ ọ̀hún kì í sì í fojúure wo màmá. Ìyá àti ọmọ mọ̀, wọn kì í sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ilé mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa dátà yín lọ́la, aago mẹ́fà sí méje. Wákàtí kan péré."

Báábà tó ń gẹrun lódìkejì ilé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bọ́ọ̀lù ń bẹ lọ́la o! Ṣé kí n máa kọrin fún àwọn kọ́sítọ́mà ni?"

Ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Ó wá ku oníbúrẹ́dì, tí wọ́n jọ jà lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà, tí wọn ò kí ara wọn láti oṣù mẹ́jọ. Oníbúrẹ́dì wò ó láti òkè délẹ̀.

"O wá nílò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo nílò yín."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Torí tiwọn ni mo ṣe wá."

Oníbúrẹ́dì ti ilẹ̀kùn. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà lù. Ọ̀gá tó ń ṣe ìdánwò fún un ní òun á kàn máa gbọ́. Dókítà kan wọlé sórí ìlà, lẹ́yìn náà bàbá àgbàlagbà kan láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá lọ́jọ́ kejì. Dókítà ń sọ, ó ń túmọ̀, ohùn ń lọ geere. Ó yọjú lójú fèrèsé: báábà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera, ó dijú mágo.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, dókítà ń sọ oògùn tí bàbá kò gbọ́dọ̀ lò mọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé, ìlà bá já. Ó sáré tún un so. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ tún un sọ." Ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kejì! Ta ló tan dátà? Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó sì ti ń bú u nínú.

Àfi bó ṣe gbọ́ orin láti ara ògiri. Kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n ń kọrin gbọnmọgbọnmọ nínú fóònù ìyá rẹ̀, lórí wáìfáì ilé tirẹ̀! Ó bẹ ilé mẹ́tàdínlógún, ó gbàgbé ilé ara rẹ̀. Ó tún ìlà so, ó pa ohùn tirẹ̀ lórí rẹ̀, ó figbe ta.

"Màámi! Ẹ pa á!"

"Kí ni kí n pa?"

"Fóònù yín! Ẹ gbà mí, ẹ pa á!"

Orin dákẹ́. Ìlà kò já mọ́. Dókítà tún ọ̀rọ̀ oògùn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá tún un kà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbàgbé ìkankan.

Nígbà tí wọ́n parí, bàbá ní, "Ọmọ mi, tí mo bá jí lọ́la, ṣé ìwọ ni n ó gbọ́? Má jẹ́ kó já mọ́ o. Ẹ̀rù máa ń bà mí tó bá já."

Ọ̀gá dá a lóhùn pé ẹlòmíràn ló máa wà níbẹ̀ lọ́la. Nígbà tí bàbá àti dókítà lọ tán, ó ní, "Ẹ kú oríire. Ẹ ti yege. Ọjọ́ Ajé lẹ ó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Ṣebí ohun tó ń wá nìyẹn? Kó dúpẹ́, kó pa ẹnu dé! Àmọ́ ohùn bàbá yẹn ò kúrò létí rẹ̀.

"Mà, gbogbo àdúgbò ló pa dátà fún mi lónìí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi kì í rí báyìí. Ẹni tó bá ń gbọ́ mi lọ́jọ́ Ajé, ìlà á já mọ́ ọn."

Ọ̀gá bi í léèrè. "Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Díìṣì á dé lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá fi ọjọ́ kan lé, màá mú ẹlòmíràn."

Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Inú bí ìyá.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́? Wọ́n ti gbà ẹ́ tán!"

"Màámi, ẹ̀rù ń ba bàbá yẹn."

Ìyá gbójú sókè. Ó wo òrùlé títí. "Bí díìṣì ò bá wá dé ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó dì í mú pinpin.

"Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tan dátà wọn. Oníbúrẹ́dì ni kó o kọ́kọ́ lọ bá."