Èèrà Abẹ́ Ìràwọ̀

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ka ìkéde náà nínú ìwé ìròyìn, tíì inú ife mi sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan fẹ́ gbé ìwé ńlá jáde. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo àwòrán magasíìnì àtijọ́ tó ń jẹ́ Ìràwọ̀ Oṣooṣù sójú kan, ti èèpo àti ti inú. Ìyẹn ò burú. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ló burú: wọ́n ní olóòtú magasíìnì náà ló ya gbogbo wọn. Olóòtú! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ya ẹyin adìẹ, òkúta ló máa jọ!

Bàbá ọkọ mi ló yà wọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi yà wọ́n, ìwé méjìdínláàádọ́ta. Bó bá jẹ́ oṣù àwọn tí wọ́n bí sábẹ́ ìràwọ̀ Kìnnìún, kìnnìún á jókòó síwájú ìwé, irun ọrùn ẹ̀ á máa jó lala. Bó bá jẹ́ oṣù Akàn, akàn á fi ọwọ́ méjèèjì di òṣùpá mú. Ilé-iṣẹ́ wọn nígbà náà kì í jẹ́ kí ayàwòrán kọ orúkọ ara ẹ̀ sí iṣẹ́ tó ṣe, ọjọ́ tí wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa, bàbá ò rí ẹyọ kan mú jáde.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ tí mo gbọ́ ìtàn yìí, ṣe ni inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá magasíìnì náà kiri: lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, nínú àpótí àwọn olóògbé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó tí kò tíì gbà pé ìràwọ̀ parọ́ fáwọn. Èmi ò gba àsọtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀ gbọ́ o. "Lóṣù yìí, àlejò gíga kan yóò kan ilẹ̀kùn rẹ." Ó dáa, kó wá kàn án, màá sọ fún un pé mi ò sí nílé. Àwòrán ni mo ń wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rí mẹ́tàlélógójì, mo sì di wọ́n sí ìdìpọ̀ mẹ́rin pẹ̀lú awọ aláwọ̀ búlúù, torí ìwé dídì niṣẹ́ mi.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ tutù bí omi ẹ̀rọ, ní, "Ẹ̀rí dà, màdáámù? Aago mẹ́ta ọ̀sán òní ni ìwé máa wọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ gbé e wá kó tó di aago méjì."

Mo ka ìkéde náà fún bàbá ní pálọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo rò pé á bínú, àfi bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, mo fi èèrà sí i."

"Èèrà kẹ̀, bàbá?"

"Èèrà. Ní ìsàlẹ̀ èèpo gbogbo ìwé, níbi funfun tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń ru ẹrù. Olóòtú rò pé ìdọ̀tí ẹ̀rọ ni. Lọ gbé ìdìpọ̀ kan wá, wàá rí i."

Ara mi bù máṣọ. Torí èmi náà ti rí i rí, èmi náà sì ti rò pé ìdọ̀tí ẹ̀rọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí èèyàn bá fẹ́ di magasíìnì pọ̀, wọn kì í ṣe déédéé, òmíràn á yọ síta, òmíràn á wọlé. Èèyàn á tò wọ́n, á dè wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgéwèé, á wá fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà fá etí wọn kó lè dọ́gba. Adìwé tí kò bá fá etí ìwé, ọ̀lẹ ni. Bí mo ṣe rí ìdọ̀tí dúdú kékeré yẹn ní ìsàlẹ̀, mo fún ọ̀bẹ láyè díẹ̀ sí i kó lè bá a lọ. Mẹ́tàlélógójì! Mo ṣe é pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Mo gbé ìdìpọ̀ kìíní wá, mo gbé e lé bàbá lórí itan, mo sì ń ṣí i bí ẹni ń wá nǹkan.

"Ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i, bàbá. Bí mo ṣe rà wọ́n nìyí. Wọ́n ti gé e."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, bàbá."

Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́. Irọ́ ni mo pa, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń pa á. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kò gé tiẹ̀: Dókítà Eyín. Òun náà ń kó Ìràwọ̀ Oṣooṣù jọ, mẹ́fà péré ló ní, nọ́ọ̀sì ẹ̀ gan-an kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi àti òun kì í sì í kíra. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, a pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan, ó rí ìdìpọ̀ mi, ó sì figbe ta: "Ẹ gé e? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ gé e?" Mo ní, "Ìwé mi ni, ọ̀bẹ mi ni. Ẹ lọ máa yọ eyín." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Àárọ̀ ọjọ́ ìkéde yìí ni mo mọ̀ pé òwe náà ń bá mi wí.

Aago mọ́kànlá kọjá nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí àga, ó yanu sílẹ̀ gbàgà, Dókítà dojú kọ ọ́ pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n dúró síta. Mi ò dúró. Mo kúnlẹ̀ sórí táìsì níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ dákun. Mo ṣẹ̀ yín."

"Màdáámù, mò ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ máa ṣe é lọ, kí n máa bẹ̀ yín lọ."

Mo ro gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin orí àga, tí kò lè pa ẹnu dé, ń wo èmi, ń wo Dókítà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti parọ́ fún bàbá, ó ní "Háà!", irin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sí i lọ́fun.

Dókítà parí iṣẹ́ ẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó tì pa. Magasíìnì mẹ́fà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tiẹ̀. Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ti òkè. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ní ìwé yìí," ó sọ. "Mi ò rí i rí."

Mo wò ó. Èèrà ni! Ẹsẹ̀ mẹ́fà pé, ẹrù sì wà lórí ẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Mi ò ní kó wọn lé yín lọ́wọ́ o," Dókítà sọ. "Ọ̀bẹ yín ò jìnnà síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá sì bi yín pé kí ló ṣe tiyín, òótọ́ lẹ máa sọ."

"Níwájú bàbá ọkọ mi?"

"Níwájú ẹni tó ni èèrà."

A kọ́kọ́ yà gbé bàbá àti ìdìpọ̀ mi nílé. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni a gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà, bàbá di apá mi mú. Ọ̀gá obìnrin náà ti ń dúró. Ọmọ olóòtú náà wà níbẹ̀, ó ká apá mọ́yà bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá. Ìdìpọ̀ mẹ́rin tèmi àti ọ̀rá mẹ́fà ti Dókítà wà lórí tábìlì. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tú ọ̀rá.

"Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ èèrà láti ẹnu ọ̀nà," ọmọ olóòtú sọ. "Obìnrin yìí ní mẹ́tàlélógójì, èèrà kan ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ní mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ló ní èèrà. Ta ló mọ ẹni tó fi báírò yà á lánàá?"

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Màdáámù, kí ló dé tí tiyín ò ní?"

Dókítà ń wò mí. Bàbá ń retí kí n dáhùn, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, torí ó rò pé òun mọ ohun tí mo máa sọ.

"Èmi ni mo gé e," mo sọ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Bàbá yí ojú sí ibi tí ohùn mi wà. "O ní bó o ṣe rà á nìyẹn."

"Irọ́ ni mo pa, bàbá."

Ó yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò ní apá mi.

"Ìyẹn náà ò sọ pé bàbá mi kọ́ ló ya èèrà," ọmọ olóòtú ní. "Òun náà lọ́wọ́."

Bàbá wá tẹsẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á sọ ohun tó rù kí ẹ tó wò ó. Kí ọmọ yìí náà sọ tiẹ̀."

Ọmọ olóòtú yíjú sí fèrèsé.

"Akàn, ọdún kejì," Dókítà pè.

"Abẹ́rẹ́ ìránṣọ."

Ọ̀gá fi awò wò ó. "Abẹ́rẹ́ ni."

"Tafàtafà, ọdún kìíní."

"Bàtà, ẹsẹ̀ kan."

"Bàtà ni."

Ó gba ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́. Ó gba ẹ̀kẹrin, ewé. Dókítà gbé ìkarùn-ún. "Òṣùwọ̀n, ọdún kẹta."

Bàbá fọwọ́ pa orí. Aago ara ògiri ń dún. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé, ẹ rántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí.

"Ó ti tán nìyẹn," ọmọ olóòtú sọ.

"Kò ru nǹkan kan," bàbá sọ. "Òfo ni. Mo gbọ́ lóṣù yẹn pé ara ẹ̀ ò yá, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi ránṣẹ́."

Ọ̀gá tẹ̀ mọ́ awò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Kò sí ẹrù lórí ẹ̀. Ara ta ni, bàbá?"

"Ara ìyàwó mi. A ò tíì fẹ́ra nígbà náà. Bàbá ẹ̀ máa ń fa lẹ́tà mi ya, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má ra Ìràwọ̀ Oṣooṣù, ó fẹ́ mọ ohun tí oṣù ń gbé bọ̀. Tó bá kà á tán, ọmọ ẹ̀ á gbà á. Bí mo bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó fẹ́, èèrà á ru abẹ́rẹ́. Bí mo bá ń bọ̀, èèrà á ru bàtà."

Wọn ò bi í ní ìkẹfà. Ọ̀gá fa igi sí orúkọ olóòtú lórí bébà iwájú ẹ̀, ó ní kí bàbá pe orúkọ tiẹ̀, ó sì kọ ọ́. Ọmọ olóòtú jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

"Ó ku ibì kan," ọ̀gá sọ. "A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó ìwé jọ. Orúkọ ta ni kí n kọ?"

Ọdún mọ́kànlá. Mo wo ẹnu bàbá.

"Dókítà ni kẹ́ ẹ kọ," mo sọ. Wọ́n kọ ọ́.

Ìta ni bàbá ti bi mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń kọjá. "Ibi tó o gé kúrò, níbo lo kó o sí?"

"Mo sun ún, bàbá."

"Èmi náà ò ní in o. Ìyá ọkọ ẹ ló kó tiẹ̀ pamọ́, omi sì wọ ilé wa ọdún kan, ó kó gbogbo ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ tí mo ní kó o gbé ìdìpọ̀ wá, mo rò pé màá tún rí wọn."

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ̀. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé, àwọn èèyàn ń wò mí. Bàbá na ọwọ́ títí tó fi bá apá mi.

"Mú nǹkan ìkọ̀wé jáde," ó sọ. "Kìnnìún, ọdún kìíní: ó ru òrùka. Wúńdíá: ó ru ilẹ̀kùn. Kọ ọ́ kíákíá, ìyàwó. Òṣùwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lókè yẹn, ẹ̀rù bà mí."

Báírò kan wà nínú báàgì mi, bébà ò sí. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí ara.