Ohun Tí Tránsfò Wa Jẹ

Èmi Àmọ̀kẹ́ ni mo ra tránsfò àlòkù náà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná wáyà ńlá di èyí tí ilé lè lò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ mi ló rà á, irọ́ ló ń pa. Ọládélé ọkọ mi ní kí a ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀, kí a fi owó kajú oko wa ra tuntun. Mo ní irú sùúrù wo nìyẹn, nígbà tí ẹ̀rọ ìlọ èlùbọ́ wa jókòó sí Bétérou láìríná lò, tí àwọn oníbàárà ń gbé àpò wọn kọjá lójú wa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta vẹnú ní Tchatchou, ìyẹn àwọn àlòkù tó ń ti ilẹ̀ òyìnbó wá: fìríjì, áyọ́ọ̀nù, ìkòkò. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé tuntun ìsinsìnyí ò ní láárí, àlòkù òyìnbó ni bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń tajà ni mo gbé wọlé ọkọ mi.

Títílọpẹ́, ọmọ wa tó kọ́ iṣẹ́ iná ní Parakou, wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e sórí òpó. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí irin náà, ó mú bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀, ó ṣírò.

"Màmá, owó tí ẹ fẹ́ san yìí kéré sí ohun tí yóò máa jẹ. Ògbólógbòó ni. Bí ẹ̀rọ ìlọ ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, yóò máa jẹ iná tọ̀sán-tòru, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sanwó rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ogún ọdún, tuntun ló dínwó jù."

"Ogún ọdún? Ìwọ tí o ò tíì ra ṣíbí sílé ara rẹ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọjà rírà?"

Mo bú u títí ó fi ká ìwé rẹ̀, tó gun alùpùpù lọ. Ọkọ mi ní, "Ó dáa, Ìyá Títílọpẹ́. Ìwọ lo mọ àlòkù."

Ọdún kìíní dùn. Àmọ́ nígbà òjò, ẹ̀rọ ìlọ a sùn, tránsfò ò ní sùn. Yóò máa kùn, yóò máa gbóná, ìwé owó iná á sì dé. Ìmọ́lẹ̀ ilé wa náà, inú rẹ̀ ló ń gbà wá, a ò lè ní kí wọ́n já a. Lọ́dún kẹta, òróró inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn tó wá dí i gbowó, wọ́n tún padà wá gba òmíràn. Oko kajú tí bàbá ọkọ mi gbìn sílẹ̀ la ń gé tà díẹ̀díẹ̀ fún Karimou, àgbẹ̀ kan ní Alafiarou. Èmi ni mo máa ń sọ pé èyí ló kẹ́yìn. Mo ti mọ̀ láti ọdún kejì pé mo ṣì í, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi bú ọmọ kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi, ọkọ mi ni mo gbé e rù.

Lọ́dún keje ó jóná. Gbèsè iná tó kù ló gbé ìyókù oko lọ sọ́wọ́ Karimou.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ fún Ọládélé. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tẹ̀ ba sábẹ́ igi tí bàbá rẹ̀ gbìn, ó ń ṣa kajú sínú garawa. Karimou ló ń sanwó ojúmọ́ fún un. Oòrùn mú. Mo fẹ́ jókòó síbi ìbòòji.

"Dúró ná," ni ọkọ mi wí. Kò bínú. Ohùn tí ènìyàn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ ọ́. "Karimou ò fẹ́ kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbí máa jókòó lóko rẹ̀. Lọ bi í ná."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo lọ tọrọ àyè.