Bí Mo Ṣe Pa Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tíì Jí

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ìdí mi ti fẹ̀ ju àga lọ, mẹ́ta nínú eyín mi ti bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà lé mi lọ́wọ́ báyìí, màá sá a débi tí taya á máa ké. Ọkọ̀ gidi ńkọ́? Mi ò wà á rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àbúrò mi obìnrin ló kó mi sínú eré yìí. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, èmi náà ni mo sì nu ikun imú rẹ̀. Ìgbà tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ nílé ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ sáré lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fà mí wọ̀ ọ́. Ilé rẹ̀ jìnnà sí tèmi, nítorí náà inú géèmù la ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Sátidé kan ni ẹnu mi kó bá mi. Ó ti nà mí lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó, pé bí mo bá ra tuntun, ẹ̀yìn taya mi ni yóò máa wò. Ó ní ká ta tẹ́tẹ́ nígbà náà. Mo ní kò burú: ẹni tó bá fìdí rẹmi ní Sátidé tó ń bọ̀, oṣù kan gbáko ni yóò fi máa pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá sì yọjú ní aago mẹ́rin, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹnu ara mi sọ? Bí òun bá fìdí rẹmi, kí ló pàdánù? Ẹ̀gbọ́n náà kúkú ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Èmi nìkan ni nǹkan lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun bá ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kú fin-ín fin-ín.

Mo ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú. Ẹnjiníà ni mo ń pè é láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó tú aago ògiri mi, tó tò ó padà, tí irin méjì ṣẹ́ kù nílẹ̀, tí aago náà sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Kò tíì to odidi kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí. Tèmi ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní òun fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ló wọlé pẹ̀lú páálí mẹ́fà. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ nígbà ayé iṣẹ́ mi, torí aránṣọ ni mí fún ogójì ọdún. Ó gbé pátákó dúdú kan jáde, tó kún fún nǹkan wínníwínní.

"Mọ́dábọ́ọ̀dù nìyí, Màmá àgbà. Òun ni gbogbo ìyókù máa jókòó lé."

"Ó jọ ìlú téèyàn ń wò láti orí òkè."

"Èyí wá ni prósẹ́sọ̀. Òun ni ọpọlọ."

"Èyí tí kò ju èékánná méjì lọ yìí?"

"Ẹ má wo kékeré rẹ̀ o."

"Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nípa bàbá àgbà rẹ nìyẹn. Wọn ò sì parọ́."

Ó dijú. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

A ń tò ó, mo ń di kiní kan mú, mo ń na sùkúrúdíráfà sí i, títí aago méjì fi lù. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, iná pupa kan yọjú, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnjiníà kàn họ orí ni.

"Mo mọ ohun tó fà á," ó ní. "Ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù yìí. Prósẹ́sọ̀ yìí, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò mọ̀ ọ́n."

"Àlejò kan ilẹ̀kùn, onílé ní òun ò mọ̀ ọ́n rí."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní báyọ́ọ̀sì. Tó bá ti jí, òun ló máa kọ́kọ́ kà kó tó mọ ẹni tó wà lára rẹ̀. Ti àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Tuntun la máa fi rọ́pò rẹ̀."

Ó fi kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ rẹ̀ gba ìwé tuntun náà wálẹ̀, ó kó o sínú fláàṣì kékeré kan, ó yí orúkọ rẹ̀ padà bí ìwé ìlànà ṣe wí, ó sì ki fláàṣì náà bọ ihò kan lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ó ní. "Tí iná yìí bá ṣì ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, iná ilé ò sì gbọdọ̀ lọ. Tó bá dúró lágbede méjì, a ti fa ìwé àtijọ́ ya, a ò sì tíì kọ tuntun tán. Kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ bá mi wò ó. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí láti aago kan."

Ó sá wọ ilé ìtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ mi fún yín. Ní ọdún kẹta tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí aṣọ ìyàwó, mo lọ kí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo fi dé, ihò tó gba àwo oúnjẹ ti wà níbi ìdí aṣọ. Mo ran ọ̀já ńlá kan bò ó, mo ní àrà tuntun ni. Kí ọdún náà tó parí, ìyàwó mẹ́rin ló wá bẹ̀ mí pé àwọn náà fẹ́ ọ̀já lẹ́yìn ìdí. Mo rẹ́rìn-ín tán, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìdí mi bá ti kúrò lórí àga báyìí, ọwọ́ mi ti pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í bi mí.

Fóònù mi dún ní pálọ̀. Mo dìde, mo lọ gbé e. Nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo ní kí n yáa pè yín bẹ́ẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tún gbọ́ ọ."

"Mo ti ní kọ̀ǹpútà tuntun, ìwọ ọmọ yìí. Eruku lo máa jẹ."

"Ẹ fi dánra wò kí n gbọ́. 'Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi.'"

"Pàṣán ni màá fi dánra wò, ní ìdí rẹ."

Mo padà sídìí tábìlì, mò ń rẹ́rìn-ín. Iná aláwọ̀ ewé náà ti kú. Mo ní àṣé ìṣẹ́jú mẹ́jọ ò jìnnà. Ìgbà náà ni ojú mi lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo ti pa á.

Mo gbọ́ tí omi ń ṣàn nílé ìtọ̀. Kí ni àgbàlagbà bíi tèmi, ìyá ọmọ mẹ́rin, ẹni tí àdúgbò ń fi ẹjọ́ lọ̀, yóò ṣe? Mo tan sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, mo jókòó, mo káwọ́ gbera, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

"Ó ti parí?" Ẹnjiníà bi mí.

"Iná rẹ̀ ti kú," mo ní. Òótọ́ sì ni.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan; fáànù pàápàá kàn mi lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì dákẹ́. Ó tú wáyà, ó dè é padà. Ó ka ìwé ìlànà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Aago mẹ́ta ti ń lọ lù. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń pọ́n.

"Mo ti bà á jẹ́," ó ní. "Mo sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé mo lè dá a tò. Bóyá orúkọ fáìlì yẹn ni mi ò kọ dáadáa."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. Ẹ wo ẹnu mi bó ṣe rí.

"Àbí òkú ọjà ni ọkùnrin tí mo ra mọ́dábọ́ọ̀dù yìí lọ́wọ́ rẹ̀ tà fún mi? Jẹ́ kí n pè é. Ohun tí màá sọ sí i lónìí, kò ní gbàgbé." Ó ti ń pè é lóòótọ́. Mò ń gbọ́ ọ tó ń dún.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ká ní ẹnì kan, mi ò sọ pé ta ni o, ká ní ẹnì kan dìde lórí àga, tí ọwọ́ rẹ̀ wá lọ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ."

Ohùn ọkùnrin kan jáde nínú fóònù: "Hẹ́lò? Hẹ́lò?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Ẹnjiníà ní. "Mo kàn ní kí n kí yín ni." Ó pa fóònù. "Màmá àgbà."

"Ọmọ mi."

"Ẹ wò mí lójú."

"Àjà ni mò ń wò."

"Ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Ọwọ́ mi ni. Èmi ò sí níbẹ̀, orí fóònù ni mo wà."

Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ti rò pé èmi ni," ó ní, ó sì nu ojú.

"Ìwọ kọ́. Iṣẹ́ rẹ ò lábùkù. Èmi àgbàyà ni."

"Ká ní ẹ ti sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn, à bá ti ṣe é tán. Bọ́tìnnì ẹ̀yìn yìí, ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ ló ń lò. Bí ìwé inú rẹ̀ tilẹ̀ ya, ó ṣì máa gba òmíràn."

"Ó lè jí?"

"Ó lè jí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó lé ọwọ́ yín."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Mo ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó tẹ bọ́tìnnì, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí mi wúwo. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹta, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìka. Imú ń yún mi, òun ló bá mi họ ọ́. Fóònù tún dún ní pálọ̀, ìdí mi gbéra fúnra rẹ̀, Ẹnjiníà sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ti àpótí ẹrù tó kún jù.

Iná dúró. Ó tẹ bọ́tìnnì ńlá. Fáànù yí, ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere, lẹ́tà funfun sì tò síbẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n," Ẹnjiníà rọra sọ. "Ẹ wo orúkọ prósẹ́sọ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n." Ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ó ti kó dísìkì kọ̀ǹpútà tó kú sínú tuntun láàárọ̀, géèmù mi sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ra ọwọ́ mi títí ẹ̀jẹ̀ fi padà síbẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù. Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì ti dúró sórí ìlà. Mo dúró tì í.

A gbéra. Mo yọ sí iwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Mo sì rí nǹkan. Mo rí ewé lórí igi, mo rí ajá tó sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ilé kan níwájú, wọ́n sá aṣọ sórí okùn. Ọdún méjì ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá, mo rò pé ògiri ni. Mo dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí n lè wo bí wọ́n ṣe ran etí rẹ̀.

"Màmá àgbà, kí lẹ̀ ń wò?"

"Wọ́n ran aṣọ yẹn dáadáa."

Fìrì ni Nọ́ọ̀sì kọjá. Mo lé e, mo lé e, ìdajì ọkọ̀ péré ló fi ṣáájú mi dé òpin. Fóònù dún kí n tó mí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. Ó korò lẹ́nu mi bí oògùn ibà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Mi ò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sórí ibùsùn, mo rò ó wò. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí mo ti ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí ni mo rí gbà níbẹ̀? Ẹrù. Mo gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́tìnnì mi ti dọ̀tí. Ìgbà wo lẹ máa wá bá mi fọ̀ ọ́?"

"Kí lẹ sọ?"

"Àbúrò yín ni mí. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta ló ń fọ aṣọ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣeré."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ̀yin kọ́ lẹ gba ipò ni?"

Ó wá. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì, ó fọ kọ́tìnnì. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní bàtà mi ti ya, ó ra bàtà. Èmi àti aládùúgbò mi ń jà lórí ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Mo ní àbúrò kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, òun ló lọ bá mi parí rẹ̀. Orúnkún ń ro mí, òun ni mo ń ròyìn rẹ̀ fún láràárọ̀, kó tó mu tíì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fagi lé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yìí."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Àdéhùn ni àdéhùn ń jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù. Àti bàtà tí ẹ rà yẹn, ó há mi díẹ̀ níwájú."